Níbo Ni Èdè Ti Ń Wá Bá Ọmọ Tí Kò Gbọ́ Ọ̀rọ̀?

Ní Nassarawa, nínú ìgboro Minna, èdè kì í wọ́n ọmọdé. Hausa ni wọ́n fi ń nájà lójú pópó, Nupe àti Gbagyi ń dún láti ojúlé kan sí èkejì, Gẹ̀ẹ́sì wà nílé ìwé, Yorùbá sì wà lẹ́nu àwọn tí bàbá wọn àgbà bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá láti ìgbà tí ojú irin ti dé ìlú náà ní nǹkan bí 1911. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń gbọ́ràn dáadáa lè mọ mẹ́ta nínú wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ. Nínú agbo ilé kan náà, ọmọ mìíràn lè wà tí ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo èdè yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, bóyá nítorí pé wọ́n bí i ní adití, bóyá nítorí pé àìsàn gba etí rẹ̀ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ yẹn ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé. Bí èdè kankan kò bá wọlé tọ ọmọ lọ, ǹjẹ́ ó lè ti inú ara rẹ̀ mú èdè jáde? Bó bá sì lè ṣe é, ibo ló lè dá a gbé dé kó tó di pé ó nílò àwa yòókù?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìkì, ròyìn Psammetichus, ọba Íjíbítì, tó gba ìkókó méjì, tó kó wọn fún darandaran kan pé kó máa tọ́ wọn láàárín ewúrẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì la ẹnu sọ̀rọ̀ níwájú wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ọmọ náà sáré tọ darandaran, wọ́n nawọ́ sí i, wọ́n ń ké pé “bekos”. Ọba wádìí, wọ́n ní búrẹ́dì ni àwọn ará Phrygia ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì gbà pé àwọn ni ìran tó pẹ́ jù láyé. Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí á fura sí ibi tí igbe yẹn ti wá. Ní nǹkan bí 1580, Akbar, ọba ńlá ilẹ̀ Íńdíà, kó ìkókó sínú ilé kan pẹ̀lú àwọn alágbàtọ́ tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀rọ̀ kankan kò jáde lẹ́nu wọn. Ìkà ni, n kò sì mọ ìmọ̀ tó lè wẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ nù. Yàtọ̀ sí ìkà, etí nìkan ni àwọn ọba yìí fi ń dúró de èdè. Herodotus fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ náà nawọ́, ṣùgbọ́n igbe wọn ni ọba mú.

Lóde òní, òfin kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dá irú èyí wò mọ́, àmọ́ ìwà ọ̀dájú àwọn òbí kan ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síwájú àwọn onímọ̀. Èyí tí gbogbo ìwé ń dárúkọ ni ọmọbìnrin tí wọ́n sọ ní Genie kí wọ́n lè bo orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n rí i ní Los Angeles ní 1970 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Bàbá rẹ̀ ti há a mọ́ yàrá láti kékeré, ó ń dè é mọ́lẹ̀, ó sì ń lù ú bó bá pariwo. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀, Genie kọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè tò wọ́n bí ẹni tó dàgbà sínú èdè ṣe ń tò ó. Wọ́n máa ń fi í ṣe ẹ̀rí pé àsìkò èdè ti kọjá lórí rẹ̀. Èmi kì í gbé ẹ̀rí tó wúwo lé ọmọ yẹn lórí. Ẹni tí ìyà, ìbẹ̀rù àti ìdè ti bà jẹ́ báyìí kò lè sọ fún wa ohun tí àìrí èdè nìkan ń fà. Ẹ wo Isabelle, ọmọ Ohio tí wọ́n rí ní 1938 nígbà tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Inú yàrá tó ṣókùnkùn ni òun náà wà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, tó jẹ́ adití tí kì í sọ̀rọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń fọwọ́ júwe nǹkan síra wọn. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì tí wọ́n ti mú un jáde, Isabelle ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kéré ju ti Genie lọ, òótọ́ ni, àmọ́ ó ti ní ẹnìkejì.

Bí a bá fẹ́ ìdáhùn tí ìkà kò bà jẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ adití tí àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ló yẹ ká lọ. Ní Amẹ́ríkà, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú ọmọ adití mẹ́wàá tí òbí wọn ń gbọ́ràn. Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ kò bá mọ èdè ọwọ́, ọmọ wọn ń jẹun yó, ó ń ṣeré, wọ́n ń gbé e mọ́ra, ṣùgbọ́n èdè kan kò wọ etí rẹ̀, òmíràn kò sì wọ ojú rẹ̀. Láti ìgbà 1970 sókè ni onímọ̀ Susan Goldin-Meadow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ní Philadelphia lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Chicago. Wọ́n ya fídíò wọn nídìí ohun ìṣeré, wọ́n sì tú gbogbo àmì ọwọ́ wọn palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n rí ju àfarawé lọ. Ọmọ á nàka sí nǹkan, á wá fi àmì ohun tí a ń ṣe sí i tẹ̀ lé e. Bí oúnjẹ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, oúnjẹ sábà máa ń ṣáájú, kí jíjẹ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò sí nílẹ̀, ó ń sọ ti èyí tó ti kọjá àti èyí tó ń bọ̀, ó sì lè so ìṣẹ̀lẹ̀ méjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan. Àwọn ìyá náà ń ju ọwọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá kò ní ètò tí ọwọ́ ọmọ ní. Ní 1998, Goldin-Meadow àti Carolyn Mylander kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àmì àwọn ọmọ adití Amẹ́ríkà àti ti Taiwan jọra wọn ju bí àmì ọmọ ti jọ ti ìyá tó bí i lọ. Òkun ńlá ló wà láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọn kò sì rí ara wọn rí. Kò sí àlàyé tó rọrùn fún èyí ju pé nǹkan kan wà tí ọmọ ènìyàn ń gbé wá sáyé, tó ń wá ètò fún ohun tó fẹ́ sọ, yálà ẹnu ló máa gbà jáde tàbí ọwọ́.

Mo rò pé ọ̀pọ̀ ìyá ní Nassarawa ti rí èyí láìmọ ohun tí wọ́n rí. Ọmọ adití lè fọwọ́ pa àgbọ̀n kó fi pe bàbá onírùngbọ̀n, kó fi ìkúùkù méjì lọ afẹ́fẹ́ kó fi pe ẹni tó ń lọ ata, kó wá nàka sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ilé á rẹ́rìn-ín pé ó gbọ́n, wọ́n á sì fún un ní ohun tó fẹ́. Ìbéèrè tí a kì í sábà bi ara wa ni pé, ṣé bó ṣe tò ó lónìí náà ló ṣe tò ó lánàá? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gírámà ló ń ṣe níwájú wa yẹn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àmì ilé, nítorí inú ilé kan ṣoṣo ló ti ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ inú ilé kan ṣoṣo yẹn náà ló ń sé e mọ́. Ní 2011, Elizabet Spaepen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà adití ní Nicaragua tó jẹ́ pé àmì ilé nìkan ni wọ́n fi dàgbà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ná owó, wọ́n mọ owó tó tóbi yàtọ̀ sí èyí tó kéré. Síbẹ̀, bí nǹkan bá ti ju mẹ́ta lọ, iye ìka tí wọ́n ń nà sókè fún un máa ń sún mọ́ ọn láìbá a mu gẹ́lẹ́. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kà “ení, èjì, ẹ̀ta” fún kò dá ìṣirò pípé ṣe fúnra rẹ̀, bó ti wù kí ọpọlọ rẹ̀ jí tó. Ìwádìí mìíràn tún dùn mí ju èyí lọ. Ní 2017, Emily Carrigan àti Marie Coppola fi fídíò irú àwọn adití bẹ́ẹ̀ han àwọn ìyá wọn, wọ́n sì fi han àwọn adití Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ wọ́n rí. Àwọn àjèjì náà lóye àmì wọn ju ìyá tó bí wọn lọ. Ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń bá sọ ọ́ kò sì fi irú ọ̀rọ̀ yẹn dá a lóhùn rí. Bí ènìyàn kan kò ṣe lè dá ta ayò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá parí èdè. Ó lè to ọmọ ayò sójú ọpọ́n, ó lè mọ òfin rẹ̀, ṣùgbọ́n eré kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nicaragua kan náà ló tún fi hàn wá bí eré ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Títí di ìgbà 1970 sókè, àwọn adití orílẹ̀-èdè náà wà ní ẹyọ ẹyọ, kálukú nínú ilé tirẹ̀ pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Ní 1977, wọ́n dá ilé ìwé àkànṣe sílẹ̀ ní Managua, olú ìlú wọn, pẹ̀lú nǹkan bí ọmọ adití 50. Ìjọba Sandinista dé ní 1979, ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀wé. Ní 1980, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé méjèèjì ti lé ní 400. Àwọn olùkọ́ kò mọ èdè ọwọ́ kankan. Ètè ni wọ́n ní kí ọmọ máa wò, Sípáníìṣì ni wọ́n fẹ́ kó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì yé àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jáde sí pápá ìṣeré, bí wọ́n bá ti wọ bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn relé, ọwọ́ wọn kì í sinmi. Àmì ilé yìí ń pàdé àmì ilé tọ̀hún. Àwọn olùkọ́ rí i pé àwọn ọmọ ń bá ara wọn sọ ohun kan tí àwọn kò gbọ́, wọ́n sì ké sí onímọ̀ èdè Judy Kegl láti Amẹ́ríkà, tó dé ibẹ̀ ní 1986.

Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wo èdè kan bó ti ń dàgbà lójú wọn. Ẹ̀rí tó yé mi jù ni èyí tí Ann Senghas, Sotaro Kita àti Aslı Özyürek gbé jáde ní 2004. Wọ́n fi eré bèbí kan han àwọn adití Managua, níbi tí ológbò ti gbé bọ́ọ̀lù ńlá mì tó sì ń yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà onígẹ̀ẹ́rẹ́, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé náà sábà ń yí ọwọ́ bí wọ́n ti ń mú un sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ràn ṣe máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Àwọn ọmọ tó wọlé lẹ́yìn wọn pín in sí méjì: yíyí lọ́tọ̀, sísọ̀kalẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ojú lásán lè rò pé wọ́n ba àwòrán náà jẹ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pín sí méjì. Èdè ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ti ya yíyí kúrò lára sísọ̀kalẹ̀ lè fi yíyí kan náà sọ ti taya tó ń gòkè, ó sì lè fi sísọ̀kalẹ̀ kan náà sọ ti ọmọ tó ń bọ̀ láti orí igi. Yorùbá náà kì í sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, torí a máa ń to ọ̀rọ̀ ìṣe léra ni: ó yí, ó sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ sí kòtò. Àwọn ọmọ Managua kò gbọ́ Yorùbá rí, wọn kò sì gba ìyapa yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn. Àwọn ló dá a sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí òbí àti olùkọ́ wò dáadáa ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Kì í ṣe olùkọ́, kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe àwọn tó ti dàgbà kí wọ́n tó wọ ilé ìwé. Àwọn ọmọ kéékèèké ni. Wọ́n bá àmì jákujàku nílẹ̀, wọ́n fi ojú ọmọdé gbà á, wọ́n sì dá a padà ní ètò tó kún ju bí wọ́n ṣe gbà á lọ. Lẹ́yìn náà ló wá hàn pé ètò yẹn ń ran ọkàn náà lọ́wọ́. Ní 2009, Jennie Pyers àti Senghas fi hàn pé ó ṣòro fún àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, tí àmì wọn kò pọ̀ fún “ó rò pé” àti “kò mọ̀ pé”, láti mòye pé ẹlòmíràn lè gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ti gba irú àmì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àbúrò wọn, òye wọn ti pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Ní Adamorobe, abúlé kan ní ẹkùn ìlà oòrùn Ghana, tí kò jìnnà sí Accra, àìgbọ́ràn ti ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé kan láti ìrandíran. Ìlú náà kò sé adití mọ́lé. Èdè ọwọ́ kan hù láàárín wọn, èyí tí àwọn tó ń gbọ́ràn náà ń lò lóko àti nílé, tí Victoria Nyst sì kọ ìwé tó jinlẹ̀ lé lórí ní 2007. Ní ìpínlẹ̀ Borno, ní agbègbè Biu, irú rẹ̀ wà láàárín àwọn Bura, níbi tí Roger Blench ti ròyìn rẹ̀. Ní Kano, àwọn adití ní olórí tiwọn, Sarkin Bebaye, wọ́n sì ní Maganar Hannu, èdè ọwọ́ ilẹ̀ Hausa, tí Constanze Schmaling tẹ ìwé nípa gírámà rẹ̀ jáde ní 2000. Kì í ṣe ilé ìwé ló bí èyíkéyìí nínú wọn. Ìpàdé ló bí wọn, adití pẹ̀lú adití, àti aládùúgbò tó fara balẹ̀.

A kì í sì í fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú wọn. Ní 1975, ọba Adamorobe ṣòfin pé adití kò gbọdọ̀ fẹ́ adití, kí iye wọn lè dín kù. Àwọn ọmọ adití abúlé náà ń lọ sí ilé ìwé adití ní Mampong-Akuapem, níbi tí èdè ọwọ́ tó wá láti Amẹ́ríkà ti gbilẹ̀, wọ́n sì ń fi ti ìyá àgbà wọn sílẹ̀. Ní Nàìjíríà náà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ka àmì tí ọmọ gbé wá láti ilé sí àṣejù ọwọ́ tó yẹ kó gbàgbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlánikẹ̀ẹ́ Ọlá Orie ti ń ṣe iṣẹ́ tó yàtọ̀: ó tọpa bí ìjúwe ọwọ́ tí gbogbo Yorùbá ń lò, èyí tí a fi ń kíni tí a fi ń pe ni, ṣe wọ inú èdè ọwọ́ àwọn adití wa tó sì di ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó dára kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i kí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n tó lọ.

Lórí ohun tí gbogbo ẹ̀rí yìí túmọ̀ sí, àwọn onímọ̀ ṣì ń jà. Noam Chomsky ti ń sọ láti ìparí àwọn ọdún 1950 pé ohun tí ọmọ ń gbọ́ kò tó láti ṣàlàyé ohun tó wá mọ̀, nítorí náà ètò èdè ti wà nínú ọpọlọ láti ìbí. Michael Tomasello àti àwọn tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ dáhùn pé ohun tí a bí mọ́ ọmọ ni ìfẹ́ láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, àti pé inú ìbálò ni gírámà ti ń jáde díẹ̀ díẹ̀. Àmì ilé ń gbe Chomsky lójú mi, Managua àti Kano sì ń gbe Tomasello. N kò rò pé ó yẹ kí á dúró de ẹni tó máa borí. Ìhà méjèèjì gbà pé ọmọ adití kò ṣófo, ìhà méjèèjì sì gbà pé kò lè dá a ṣe. Ohun tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ àsìkò.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, èdè sì ni ìrókò tó gan jù lọ níbi tí a bá ti jẹ́ kó pẹ́. Rachel Mayberry ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí èyí. Nínú iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2002, wọ́n fi àwọn adití tí wọ́n bí láìgbọ́ràn, tí wọn kò ní èdè gidi kankan ní kékeré, wé àwọn tó gbọ́ràn tó sọ̀rọ̀ kí etí wọn tó di. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ èdè ọwọ́ ní ọjọ́ orí kan náà. Àwọn tó ti ní èdè ẹnu tẹ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n gan-an, àwọn tí kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ń tiraka títí di àgbà. Ìwádìí náà tún fi hàn pé adití tó gba èdè ọwọ́ ní kékeré ń mọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó ti ní èdè mìíràn lẹ́nu. Ó yẹ kí èyí mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn òbí tó rò pé èdè ọwọ́ yóò gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ òun. Èdè àkọ́kọ́, èyíkéyìí tó bá jẹ́, ló ń ṣí ọ̀nà fún ìkejì.

Kò sì pọn dandan kí òbí mọ̀ ọ́n dé góńgó kó tó bẹ̀rẹ̀. Jenny Singleton àti Elissa Newport tẹ̀ lé ọmọ adití kan tí wọ́n pè ní Simon, tí àwọn òbí rẹ̀, adití bíi tirẹ̀, kọ́ èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọmọ ọdún 15, tí àṣìṣe sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lọ́wọ́ wọn nìkan ni Simon ti gba èdè náà, síbẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ju tiwọn lọ. Ìyá tó ń fi ọwọ́ ṣàṣìṣe ń fún ọmọ ní ju ìyá tó ká ọwọ́ gbera lọ. Ní ìdà kejì, ẹ̀rọ kò rọ́pò ènìyàn. Ní 1981, Jacqueline Sachs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn Jim, ọmọ tó ń gbọ́ràn tí adití ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kì í bá a lo èdè ọwọ́ wọn, tẹlifíṣọ̀n ló pọ̀ nínú ohun tó ń gbọ́. Bó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wọ́, àfi ìgbà tí àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a sọ̀rọ̀ déédéé ló tó gbérí. Ẹ̀yin tó ń fi fóònù pa ọmọ lẹ́nu mọ́, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí já sí.

Ìpínlẹ̀ Niger, tí Minna wà nínú rẹ̀, wà lójú ọ̀nà ibi tí àìsàn yírùnyírùn ti ń jà nígbà ooru, èyí tí Hausa ń pè ní sankarau. Nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2017, ìpínlẹ̀ yìí wà lára àwọn tó kàn, pẹ̀lú Zamfara, Sokoto, Katsina àti Kebbi. Àwọn tí wọ́n fura pé ó mú jákèjádò Nàìjíríà ju 14,000 lọ, àwọn tó kú ju 1,100 lọ. Àìsàn yìí wà lára ohun tó ń sọ ọmọ tó yè é di adití. Ibà pọ́njú tó bo ìkókó ń ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ oògùn kan tí a gún kọjá ìwọ̀n náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá àìgbọ́ràn ọmọdé ló wá láti inú ohun tí a lè dènà.

Yírùnyírùn kan náà ló gba etí Andrew Foster ní Alabama nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Foster ni wọ́n sábà ń kà sí ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó wá sí Ibadan ní 1960, ó dé Enugu àti Kaduna, kó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda ní 1987. Èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ni ó gbé wá, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ adití tó kàwé ní Nàìjíríà fi jọ ti Washington. A lè jiyàn lórí ohun tí ìyẹn ṣe sí àwọn èdè ọwọ́ tó ti wà nílẹ̀, èmi náà sì ti sọ tèmi lókè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí mọ ohun tí a fẹ́ gbàgbé: ó ń kó adití jọ sójú kan.

Minna ní ilé ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe, tí àwọn adití wà lára wọn. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2019 sì fún ẹni tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ìwé gíga sẹ́kọ́ńdírì. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí ọmọ ń wọ ilé ìwé ti pẹ́ jù fún èdè àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́fà tàbí méje tí ọmọ adití fi wà nílé kí ẹnikẹ́ni tó rò pé ó tó ilé ìwé í lọ, àwọn ọdún yẹn gan-an ni Managua àti Mayberry ń tọ́ka sí. Ọmọ kan lè wà ní Nassarawa A, ọmọ kan ní Nassarawa C, kálukú pẹ̀lú àmì ilé tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú wọn pàdé ara wọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nílò owó ńlá. Ìlú yìí mọ bí a ti ń wá ọmọ lójúlé dé ojúlé: ọ̀nà tí Nàìjíríà gbà lé àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ lọ nìyẹn, títí tí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde ní August 2020 pé kòkòrò àdánidá tó ń fà á (wild poliovirus) ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn obìnrin tó ń gbé àpótí yìnyín kiri, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sára ògiri, mọ gbogbo agbo ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ Chanchaga, tí Minna wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n kàn fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń béèrè: ṣé ọmọ kan wà níhìn-ín tí kì í yíjú bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn? Kí wọ́n kọ ojúlé náà sílẹ̀. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí, ní gbọ̀ngàn ìjọ, ní ojúde baálé, ibikíbi tó bá ní ìbòòji. Kí àgbà adití méjì tí èdè ọwọ́ yọ̀ mọ́ lọ́wọ́ jókòó láàárín wọn, kí wọ́n sì máa san owó iṣẹ́ fún wọn bí a ti ń san fún olùkọ́. Kí ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n wá pẹ̀lú, kí wọ́n kọ́ ọ pẹ̀lú àṣìṣe wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbá ọmọ lọ́wọ́ nítorí àmì tó gbé wá láti ilé, torí ohun tí àwọn ọmọ yòókù máa fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.